Rọ́bà Tí Ọkọ Mi Ní Kò Dára

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo ọjà Sankaryaré tí kò ní di orin lẹ́nu aráyé kí oòrùn tó wọ̀. Láàárọ̀ òní, ọkọ mi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó mú rọ́bà ẹ̀rọ àlòkù kan dání. Ó kí mi, èmi náà kí i, bí ẹni pé kì í ṣe àwa méjèèjì la jọ mu ẹ̀kọ tán láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Múfú, ọmọ Ọ̀ffà tó ń ta irú ọjà tí mò ń tà, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi rárá. Ibẹ̀ ló ti lọ ra rọ́bà tí irú rẹ̀ so rọ̀ sórí ìṣó lẹ́yìn mi. Gbogbo àwọn tó jókòó ló rí i. Àwọn kan gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí àánú mi, àwọn kan ò tilẹ̀ gbé tiwọn. Irú kí ni èyí? Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ, tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì kò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

Ìlú Ouagadougou yìí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, rọ́bà àti bẹ́àrìn ẹ̀rọ ló sì ń tà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti kọ́ rírìn. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ rọ́bà tí kì í bẹ̀rù ọ́ìlì yàtọ̀ sí èyí tí ọ́ìlì máa ń mú rọ̀ jù. Bàbá mi a dì mí lójú, a fi rọ́bà sí mi lọ́wọ́, a ní kí n sọ irú èyí tó jẹ́. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, a rẹ́rìn-ín, a ní ọmọ òun ni mí lóòótọ́. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba Abidjan lọ, èmi ni mo jókòó sídìí ọjà náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, nítorí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ṣọ́ọ̀bù náà títí di òní, orúkọ bàbá mi ni.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, ọmọ Sabẹ ni, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí gbogbo agbègbè wọn ń wárí fún, títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kú, wọ́n ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òun ló mọ àwọn katakata kékeré wọ̀nyí tún ṣe jù ní ìlú yìí, àwọn àlòkù tó ń ti Japan wá, tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń rà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn kí n tó fẹ́ràn òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti ń ki rọ́bà bọ inú ẹ̀rọ, á di ojú, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá máa fi ìka wá ọ̀nà. Àwọn ènìyàn a máa wá wò ó. Wọ́n ní ojú rẹ̀ wà ní orí ìka. Èmi ń ta rọ́bà, òun ń ki í. Ọjọ́ tí ọlọ́jà kò bá rí tà, oníṣẹ́ á rí iṣẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e títí ọmọ wa fi wọ yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìjà wa rí.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Salimata, ọmọ Mossi, àwọn onílẹ̀ ìlú yìí. Òun ni olórí àwọn obìnrin kan tó ń gbin àlùbọ́sà àti àgbàdo lẹ́bàá adágún omi lẹ́yìn ìlú. Àwọn obìnrin náà ní katakata kékeré kan, Salimata fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ẹ ó ti rí i pé apá irin méjì wà lẹ́yìn katakata, tó máa ń gbé ohun tí wọ́n fi ń túlẹ̀ sókè. Ọ́ìlì ló ń tì wọ́n sókè láti inú, lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Rọ́bà roboto kan ló sì dá ọ́ìlì náà dúró kó má baà sá. Bí rọ́bà yẹn bá ti ń kú, wàá gbé apá náà sókè, wàá pa ẹ́ńjìnnì, kó o tó yí ojú padà, ó ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ohun tó ṣe ti Salimata nìyẹn. Ó gbé e wá bá ọkọ mi ní kété tí òjò àkọ́kọ́ fẹ́ rọ̀, ọkọ mi ránṣẹ́ sí mi, mo mú rọ́bà tó dára jù nínú ọjà mi fún un. Ó tú ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó dì í padà. Salimata dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ní èdè rẹ̀, barka, barka, ó wà á lọ.

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Apá náà tún ń wálẹ̀, kódà ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wà ní àtéliyè lọ́jọ́ náà, ibi iṣẹ́ ọkọ mi, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Ọkọ mi yọ rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ó yí i wò sọ́tùn-ún, ó yí i wò sósì. Múfú wà níbẹ̀, ó wá wo mótò rẹ̀, bí a ṣe ń pe alùpùpù níbí. Àwọn mẹkáníìkì yòókù náà wà níbẹ̀. Ọkọ mi wá gbé orí sókè, kò wojú mi, ó ní, "Rọ́bà yìí kò dára. Ayédèrú ni wọ́n ń kó wá báyìí." Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún sọ ọ́ ní èdè àwọn Mossi kí Salimata lè gbọ́. Mo kó abọ́ oúnjẹ mi, mo ní n ó lọ wò ó. Ṣé kí n bá ọkọ mi jiyàn lójú aráyé ni? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Ṣùgbọ́n mo mú rọ́bà náà dání lọ. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi kọ́ mi fún yín. Rọ́bà tí kò dára máa ń le gbagidi, tàbí kó wú, tàbí kó máa ya pẹ́pẹ̀pẹ́. Èyí kò ṣe ọ̀kankan. Ara rẹ̀ dán, ó rọ̀ bó ṣe yẹ. Àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti bó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ bó èèpo iṣu. Ẹnu irin ló gé e nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé. Ó ti lọ́ sínú àyè rẹ̀, ẹni tó ń tì í kò sì mọ̀ pé ó lọ́. Ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ wà ní orí ìka, kò mọ̀ pé ó lọ́! Ìgbà náà ni mo rántí tíì. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò tíì kúrò lórí ẹyin iná, ó bu fún àwọn àlejò wa, ó gbé e kalẹ̀, kò sì já ọwọ́. Mo rò pé àyà ló ní. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà ti kìlọ̀ fún un lórí ìtọ̀ ṣúgà náà tipẹ́, pé ó lè dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó má jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó kàn wọ́n mọ́, ó sì ti ń dé ibẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀.

Mo jókòó lórí àpótí mi, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọjà mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bàbá rẹ̀ ni mo ń rò, lẹ́nu ọ̀nà yẹn ní Sabẹ. Bí mo bá sọ fún un pé, ìwọ ọkùnrin yìí, ìka rẹ ti kú, kí ló kù fún un? Mo dá a rò, mo tún un rò, mo ní n ó wá ọ̀nà tí n ó fi sọ ọ́. Ẹ má bínú sí ẹnu mi, àwọn àgbà ló sọ ọ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Bí mo bá kánjú, n ó pa ẹni tí mo fẹ́ gbà là. Nítorí náà mo dákẹ́. Nígbà tó lọ ra rọ́bà mìíràn lọ́wọ́ Múfú láti tún katakata náà ṣe, mo dákẹ́ síbẹ̀. Salimata wà á lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ilé àbúrò ọkọ mi ní Bobo-Dioulasso, ọkọ mi sì wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Kò tíì dé Bobo tán tí Salimata fi gun mótò rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó gbé e sórí tábìlì mi. Iwájú bàtà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ láti yọ koríko tó há sí abẹ́ irin ìtúlẹ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tó ku orí bàtà tó gùn ju ìka ẹsẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó ní Ọlọ́run kò tíì fẹ́ ẹsẹ̀ òun. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni mo rí tó tẹ́ bàtà náà. Mo ń bo àṣírí ọkọ mi, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló kù díẹ̀ kó bá a lọ. Salimata ní òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ń dúró, ta lòun ó gbé e fún? Mo dìde. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kó àwọn irinṣẹ́ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nílé, mo já rọ́bà kan lórí ìṣó tèmi, mo gun ẹ̀yìn mótò rẹ̀.

Mi ò tíì tú ẹ̀rọ rí láyé mi. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin a máa ta ẹ̀yà ẹ̀rọ títí irun rẹ̀ á fi funfun, ọkùnrin ni yóò máa ki í. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń na irinṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kí ló kù tí kò tíì rí? Salimata rán àwọn obìnrin yòókù lọ sí òdì kejì oko. A gbé apá náà sílẹ̀ pátápátá, a fa ọ́ìlì sínú bàsíà, a yọ ìjókòó, a tú àwọn nọ́ọ̀tì, a sì fi igi gbọọrọ gbé ìdérí irin náà kúrò, àwa méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ewúrẹ́ tó sáré nínú oòrùn. Nígbà tí mo fa rọ́bà Múfú jáde, mo wò ó. Ó ti bó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ẹ gbọ́ mi o, rọ́bà Múfú! Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, n kò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ni inú mi bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò tún sí ohun tí mo lè fi tan ara mi jẹ.

Mo rẹ rọ́bà tuntun náà sínú ọ́ìlì. Mo nu àyè rẹ̀ mọ́, mo fi òrùka líle tó ń gbè é lẹ́yìn síbi tó yẹ, mo wá fi rọ́bà náà sí i. Mo di ojú. Mo fi ìka yí i ká bí mo ṣe ń rí i tí ọkọ mi ń ṣe. Ó lọ́ níbì kan, mo sì mọ̀ ọ́n nínú ìka mi, kedere. Mo yọ ọ́, mo tún un fi. Bí mo ṣe ń fi igi rọra gbá a wọlé ni omi ń bọ́ lójú mi, tí Salimata ń béèrè pé ṣé ọ́ìlì ló ta sí mi lójú. Nígbà tí a dì í tán, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gbé apá sókè, ó pa á. A jókòó sábẹ́ igi òrí kan, a jẹ ẹ̀pà, a ń wò ó. Kò mì. Salimata dì mọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wojú mi pẹ́, ó ní ó ti yé òun, pé lọ́dọ̀ tàwọn náà, wọn kì í tú aṣọ ọkọ sí ojú ọjà. Kò sì sọ ọ́ títí di òní.

Ẹ wá wo ohun tí ọgbọ́n mi bí. Katakata náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo ènìyàn sì mọ ìtàn rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n rí i mọ: wọ́n fi rọ́bà ìyàwó sí i, ó bàjẹ́, wọ́n fi rọ́bà Múfú sí i, kò bàjẹ́ mọ́. Kí ni ẹ rò pé wọ́n máa sọ? Àwọn mẹkáníìkì tó ti ń bá mi ra ọjà láti ìgbà bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọjá lọ sọ́dọ̀ Múfú. Àwọn ará ìlú Kaya tó máa ń ra ọjà púpọ̀ kò wá mọ́. Arúgbó kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi, wá jókòó tì mí, ó ní òun gbọ́ pé mo ti ń ta ayédèrú, pé bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà mi ló wà nínú katakata náà, ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀, Múfú ló sì ń gba oríyìn. Múfú kò mọ nǹkan kan, kò ṣẹ̀ mí. Ó tilẹ̀ ń kí mi tàánútàánú, èyí tó burú ju èébú lọ.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo sọ fún ọkọ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jẹun tán, ó rọra ń na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Mo kó rọ́bà méjèèjì jáde, tèmi àti ti Múfú, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, bí ẹni ń ru ẹyin. Mo sọ ti tíì, mo sọ ti dókítà, mo sọ ti bàtà Salimata, mo sì sọ pé èmi ni mo tú u. Mo ń retí kó bínú. Mo ń retí kó sunkún pàápàá. Ó wo àwọn rọ́bà náà, kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ìyá Ràfíù, mo mọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti yọ rọ́bà àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi ló gé e. Mo tún mọ̀ pé o tú u, mo rí i nígbà tí mo lọ wò ó lóko, nítorí bí o ṣe di nọ́ọ̀tì kọ́ ni mo ṣe máa ń dì í."

Mo bi í pé, kí ló dé nígbà náà tó fi sọ lójú gbogbo ayé pé rọ́bà mi kò dára? Ó wá ní, "Ta ni kí n sọ pé ó ṣe é? Bí mo bá pe ara mi, wọ́n á jù mí sẹ́nu ọ̀nà bíi bàbá mi. Ìwọ, aya mi ni ọ́. Mo mọ̀ pé o ò ní jà."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi ni mò ń bò ó, òun ti fi mí bora láìbi mí. Ó mọ̀ nígbà tí arúgbó yẹn wá bá mi. Ó mọ̀ nígbà tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tí mo sì tì í lálẹ́ láìta nǹkan kan. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó sì ń mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó sọ ti ẹnu ọ̀nà yẹn, ó wo ìka rẹ̀ lórí ẹní bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo bínú sí i, mo ṣàánú rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀. Mo bá a di ìka rẹ̀ mú. Ó ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ mi wà lára tòun.

Ìwọ̀nyí ni ohun tó wá bẹ̀ mí fún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹgbẹ́ olóko mìíràn ti gbọ́ òkìkí rẹ̀, wọ́n ń gbé katakata tiwọn bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àrùn kan náà ló ń ṣe é. Ó ní kí n máa wá jókòó ti òun ní àtéliyè. Òun á ta aṣọ yí ibẹ̀ ká, a ó sọ pé nítorí oòrùn ni; ọwọ́ mi á máa ki rọ́bà, òun á máa sọ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ á sì máa jẹ́ tòun. Mo gbà. Láìjanpata ni mo gbà, nítorí ó kúkú sàn kí ọwọ́ tó ṣì mọ ohun tó kàn án ṣe é ju kí irin já lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ó tún fi kún un pé ọ̀dọ̀ Múfú ni kí a ti máa ra rọ́bà, nítorí ọjà ti gbàgbọ́ báyìí, bí wọ́n bá rí i tó padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ní kí n ní sùúrù, tó bá pẹ́ títí, wọ́n á gbàgbé. Ó ní, "D'accord, Ìyá Ràfíù? Ṣé o gbà?" Mo kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀, mo dìde. Ohun tó rán an lọ sí ìsọ̀ Múfú láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Bí mo bá sọ òtítọ́ ní ọjà, ọkọ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi náà ni n ó sì máa bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bí n kò bá sọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ á kú sí mi lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ burúkú, láìṣẹ̀ láìrò. Àwọn kan nínú yín á ní kí n kó ẹrù mi lọ sí Rood Woko, ọjà ńlá àárín ìlú, kí n bẹ̀rẹ̀ tuntun, bí ẹni pé orúkọ kì í gun mótò tẹ̀ lé ènìyàn. Àwọn mìíràn á ní ọkọ ni adé orí obìnrin. Mo gbọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó bí ẹni tó fẹ́ràn tirẹ̀. Ẹ kàn má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, nítorí mo ti ní i, ibi tó gbé mi dé lẹ ń wò yìí. Ohun tí mo ń bi yín ni pé: obìnrin tó bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí, ta ló yẹ kó bo òun?